Ṣé Ọmọ Mi Á Ṣì Rí Kòkó Já?

Ooru tó mú wa ní Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó bá wà nílé nígbà náà kò ní gbàgbé rẹ̀. Ọ̀sán le, àmọ́ òru ló burú jù. Atẹ́gùn kò fẹ́, iná kò sí, òógùn ń ṣàn lára ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ládùúgbò wa lápá Lágere, àwọn ènìyàn gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, wọ́n ní ẹ̀fọn sàn ju inú yàrá lọ. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ní ilé kejì sí wa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ń gbọ́ ìró abẹ̀bẹ̀ yẹn láti orí bẹ́ẹ̀dì mi. Bó bá ti dákẹ́, ọmọ á ké, abẹ̀bẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lọ sí abúlé kan lápá Ifẹ̀tẹ̀dó láti bá àwọn àgbẹ̀ kòkó sọ̀rọ̀ lórí ìyípadà ojú ọjọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ìmọ̀ físíìsì ni mo kọ́, afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ni mo ń ṣe ìwádìí lé lórí, yunifásítì tó wà nílùú yìí ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan, mo sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí mo ṣe tán, Bàbá kan tó ti lé ní 70 ọdún dìde, ó ṣí fìlà, ó ní:

“Dókítà, ẹ kú àlàyé o. Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ mi tó wà l’Ékòó ní iṣẹ́ ibẹ̀ ti sú òun, òun fẹ́ padà wá ro oko yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ojú ọjọ́, ṣé ọmọ mi á ṣì rí kòkó já níbí?”

N kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ ronú sí i, kí n má baà purọ́ fún un. Ó ní kò burú, ó dé fìlà rẹ̀, ó jókòó. Ìbéèrè yẹn bá mi dé ilé. Ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ń kọ síbí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ará ìlú, n kò sì tètè mọ̀ ọ́n sọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí, nínú gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú, mo gbé àwòrán bíi 40 dání, gbogbo rẹ̀ ilà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣàlàyé títí. Nígbà tí a parí, ìyá oníṣòwò kan sún mọ́ mi, ó fà mí lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé òjò á rọ̀?”

Ó dùn mí wọra. Kì í ṣe ìyá náà ló jẹ̀bi. Mo ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láìsọ ohun tí mo ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò wà lára ohun tó fa á. Rédíò ń pè é ní “ìyípadà ojú ọjọ́”, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lẹ́nu Yorùbá, ojú ọjọ́ kì í dúró lójú kan. Ó lè mọ́ láàárọ̀ kó ṣú lọ́sàn-án. Bí mo bá dúró níwájú àgbẹ̀ tí mo ní “ojú ọjọ́ ń yí padà”, kò sí irọ́ níbẹ̀ kò sì sí ìròyìn níbẹ̀. Ìgbà wo ni kò yí padà rí? Bàbá Ifẹ̀tẹ̀dó yìí kan náà ló bá mi tú okùn yẹn, nígbà kejì tí mo padà lọ. Ó ní: “Bí ẹni tí a mọ̀ ní onísùúrù bá bínú lónìí, a ó ní nǹkan kan ló bí i nínú. Bó bá wá ń jí sínú ìbínú lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, a ó ní ìwà rẹ̀ ló yí padà. Ìbínú òní kọ́ ni ìwà.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, *ìwà* ojú ọjọ́ ni mo máa ń wí. Ohun tí àwa onímọ̀ sì ń ṣe gan-an nìyẹn, torí ọgbọ̀n ọdún ni àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ lágbàáyé ní ká fi wo ibì kan kí a tó sọ pé báyìí ni ìwà rẹ̀ rí. Òjò ọjọ́ Sátidé, ìbínú òní ni. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ń pẹ́ sí i láti ìran dé ìran, ìwà ni.

Kí ló wá ń yí ìwà rẹ̀ padà? Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ọyẹ́. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sán lè gbóná janjan, àmọ́ bó bá di ìdájí, òtútù á wọ ènìyàn dé eegun. Ní oṣù kẹwàá ńkọ́, bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run lálẹ́? Ooru á há mọ́ wa, aṣọ á lẹ̀ mọ́ni lára. Oòrùn ti wọ̀ nínú méjèèjì. Ilẹ̀ tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ máa ń dá ooru rẹ̀ padà sókè lálẹ́. Nígbà ọyẹ́, ojú ọ̀run gbẹ, kò sí ìkùukùu, ooru á rí ọ̀nà bá lọ. Bí ọ̀rinrin àti ìkùukùu bá wà lókè, wọ́n á gba ooru náà mọ́ra, wọ́n á sì dá apá kan rẹ̀ padà sí wa lára. Òjìji ìyá tó ń fẹ́ ọmọ lóru yẹn kò kúrò lọ́kàn mi nígbàkígbà tí mo bá ń ṣàlàyé èyí: ojú ọ̀run lọ́ tìkọ̀, kò jẹ́ kí ooru ilẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ kan wà tí ojú kò rí, kábọ́ọ̀nù dàyọ́kísáìdì lorúkọ rẹ̀. Inú pẹtiróòlù, dísẹ́ẹ̀lì, gáàsì, èédú inú ilẹ̀ àti igbó tí a bá sun ló ti ń jáde. Iṣẹ́ ìkùukùu òru yẹn ló ń ṣe, àmọ́ kì í túká bí ilẹ̀ bá mọ́. Èyí tí a bá tú sókè lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ-ọmọ wa bá ń tọ́ ọmọ.

Ìmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, kó oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ sínú ìgò, ó gbé wọn sínú oòrùn, ó fi òṣùwọ̀n ooru sínú wọn. Èyí tí kábọ́ọ̀nù dàyọ́kísáìdì wà nínú rẹ̀ ló gbóná jù, òun ló sì pẹ́ jù kó tó tutù. Mo fẹ́ràn láti sọ ìtàn obìnrin yìí fún àwọn ọmọbìnrin nílé ẹ̀kọ́ girama, torí kò sí ohun tó lò tí wọn kò lè rí lò. Ní 1896, Svante Arrhenius ará Sweden jókòó ti ìwé àti gègé, ó ṣírò bí ayé yóò ṣe gbóná tó bí afẹ́fẹ́ náà bá pọ̀ sí i. Nígbà tó sì di 1958, Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá, bí a bá kó afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan ìwọ̀n jọ, tirẹ̀ nínú rẹ̀ kò ju bíi 280 lọ. Keeling bá a ní 315. Ó ti kọjá 420 báyìí.

Ẹnìkan máa ń sọ pé 420 nínú mílíọ̀nù kan, kí ló tó? Mo máa ń bi wọ́n pé, aró mélòó ni wọ́n ń rò sínú ìkòkò omi kí omi náà tó yí dúdú? Àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ náà.

Ìbéèrè tó le jù ni pé báwo la ṣe mọ̀ pé àwa ènìyàn la fà á. Ìbéèrè tó dára ni, ó sì máa ń bà mí nínú jẹ́ bí onímọ̀ bá fi ìkanra dáhùn rẹ̀. Oríṣi kábọ́ọ̀nù kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14. Ewé, ẹran, ènìyàn, ohun gbogbo tó bá wà láàyè ló ní in lára. Bí nǹkan bá kú, tirẹ̀ á máa dínkù. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5,730, ìdajì á ti lọ. Epo rọ̀bì àti èédú ti wà nínú ilẹ̀ fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún, tiwọn ti tán láú. Ní 1955, Hans Suess yẹ igi wò, ó rí i pé kábọ́ọ̀nù 14 tó wà lára igi tó dàgbà láyé ìgbà náà kéré sí bó ṣe yẹ. Kábọ́ọ̀nù àtijọ́ láti inú epo àti èédú, tí kò ní kábọ́ọ̀nù 14 nínú mọ́, ti dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ayé. Bí wọ́n bá bomi la ẹmu, ẹnu onímu á mọ̀. Igi ló tọ́ ọ wò fún wa.

Àwọn kan ní oòrùn ló ń le sí i. Bó bá jẹ́ oòrùn ni, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tí à ń mí àti ti òkè réré ì bá jọ máa gbóná ni. Ohun tí òṣùwọ̀n wa rí ni pé ìsàlẹ̀ ń gbóná, òkè lọ́hùn-ún ń tutù. Syukuro Manabe, tí wọ́n bí ní Japan, àti Richard Wetherald ti ṣírò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí láti 1967. Manabe wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì ní 2021, nígbà tó ti pé ẹni 90 ọdún.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rán mi létí ìlérí Ọlọ́run fún Nóà, pé ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní dópin. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Mo kàn ní, Mà, Ọlọ́run ṣèlérí pé òjò á máa wá, kò ṣèlérí pé bí a bá ń dáná sábẹ́ ilé, ilé kò ní gbóná.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo mọ bí òwe yìí ṣe dùn tó lẹ́nu, àmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ mi, n kò gbọdọ̀ lò ó. Kì í ṣe gbogbo àgbàrá ló ti ọwọ́ ìyípadà ojú ọjọ́ wá. Nígbà tí omi ya bo Nàìjíríà ní 2022, tó pa ènìyàn tó lé ní 600, òjò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìdídò Lagdo ní Cameroon wà níbẹ̀, ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ lé àjẹ́ kan ṣoṣo lórí ń ṣe àbòsí. Nítorí náà, ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi kọ̀ǹpútà ya ayé méjì, ọ̀kan bó ṣe rí báyìí, èkejì bí ì bá ṣe rí ká ní a kò tú èéfín tó ní kábọ́ọ̀nù dàyọ́kísáìdì nínú sókè. Wọ́n á wá wo iye ìgbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ayé méjèèjì.

Wọ́n ṣe é fún ooru oṣù kejì ọdún 2024 yẹn. Àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ World Weather Attribution ni. Wọ́n ní èéfín tí a tú sókè ti jẹ́ kí irú ooru ọlọ́rinrin bẹ́ẹ̀ fi ìlọ́po 10 rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní apá gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ká ní ayé kò gbóná ni, ènìyàn lè gbé 100 ọdún kó má rí i. Ní báyìí, ká máa retí rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún 10. Nígbà tí mo ka iye yẹn, ìró abẹ̀bẹ̀ ló padà sí mi létí.

Ohun kan wà tí mo máa ń bínú sí, n kò sì ní fi pamọ́. Gbogbo Áfíríkà pátá, ìpín tiwa nínú èéfín tí ayé ń tú sókè lọ́dọọdún kò tó 4 nínú 100. Ìyá tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ ní Lágere kò ní mọ́tò, kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. A ti sọ fún wọn. Ní Paris ní 2015, gbogbo ayé fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní jẹ́ kí ayé fi ohun tó ju 2 dígíríì lọ gbóná ju bó ṣe rí kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀, pé àwọn á sapá kó dúró ní 1.5. Láàárín 2011 sí 2020, ó ti di 1.1. Ọdún 2024 nìkan tiẹ̀ kan 1.5 kọjá, àmọ́ ẹ rántí ọ̀rọ̀ Bàbá: ọdún kan kọ́ ni ìwà. Bí àwọn ìjọba bá ń bá a lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lónìí, a ń lọ sí nǹkan bíi 2.5 sí 3 kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Àwa náà sì ní tiwa láti jẹ́wọ́, pẹ̀lú gáàsì tó ń jó lójú ọ̀run ní Niger Delta lọ́sàn-án lóru.

Mo padà sí Ifẹ̀tẹ̀dó nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo bá Bàbá lábẹ́ kòkó, ó ń gé èso tó ti dúdú kúrò lórí igi, ó ń kó wọn sínú agbọ̀n láti lọ rì wọ́n mọ́lẹ̀. Owó kòkó ti fò sókè lọ́dún yẹn, ó ti ju 10,000 dọ́là lọ lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé ní oṣù kẹta, lára ohun tó sì fà á ni òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá tó mú àrùn dúdú yìí bo oko ní Ghana àti Ivory Coast lọ́dún tó ṣáájú. Bàbá mú èso kan, ó là á, ó fi hàn mí: hóró inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ní, “Owó wà níta, kòkó ni kò sí lọ́wọ́.”

Mo ní, “Bàbá, mo ti mú ìdáhùn wá.”

Mo sọ ohun tó dá mi lójú fún un. Ooru á pọ̀ sí i, òru pàápàá. Mo bi í bóyá ó mọ kànrìnkàn ìwẹ̀. Kànrìnkàn ńlá máa ń fa omi púpọ̀ kó tó yó, àmọ́ bí a bá fún un, omi rẹ̀ á dà yàà. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Bó bá fi dígíríì kan gbóná sí i, á lè gba ọ̀rinrin tó fi bíi ìdá 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Á máa fa omi kúrò lára ilẹ̀ àti ewé, ọjọ́ gbígbẹ á gùn, lọ́jọ́ tí òjò bá sì dé, á dé pẹ̀lú ìbínú. Òjò tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni àrùn dúdú fẹ́ràn. Ẹ̀ẹ̀rùn tó gùn ni kòkó kékeré kò lè fara dà. Nítorí náà kí wọ́n má gé àwọn igi ńlá tó ń ṣíji bo oko, kí wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín kòkó tuntun, kí wọ́n la ọ̀nà fún omi, kí wọ́n má sì gbẹ́kẹ̀ lé oṣù tí bàbá wọn ń gbìn nǹkan mọ́, torí ìṣirò wa fi hàn pé òjò á máa pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

“Ọmọ mi ńkọ́?” ló bi mí.

“Bí ayé bá dúró nídìí 2 dígíríì, Bàbá, ọmọ yín á já kòkó níbí. Kò ní jẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ á le ju tiyín lọ. Bó bá di 3, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín.”

Mo sọ ohun kan sí i, torí òun ló ń jẹ́ kí èmi fúnra mi jí lọ síbi iṣẹ́. Ìṣirò fi hàn pé ìgbà tí ayé bá dáwọ́ èéfín yìí dúró pátápátá, ìgbóná náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbi tó bá dé. Kò ní yára padà sẹ́yìn, àmọ́ kò ní máa gòkè títí lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí a lè sọ pé ó ti pẹ́ jù, torí ìdajì dígíríì tí a bá dá dúró, oko ẹnìkan ni.

Bàbá dákẹ́. Ó wá ní, “Ẹ̀yin ń fi ọgbọ̀n ọdún mọ ìwà rẹ̀. Báwo lèmi náà ṣe lè máa mọ̀ ọ́n?”

Mo bèèrè agolo mílíìkì òfìfo lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohunkóhun tó wù kí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́, gíga omi inú rẹ̀ ni iye òjò tó rọ̀. Bí omi bá ga tó 10 mìlímítà, òjò 10 mìlímítà ló rọ̀, lítà 10 lórí mítà kan níbùú lóròó. A kan òpó kan mọ́ ojú pápá, jìnnà sí igi, a so agolo mọ́ ọn. Mo fún un ní rúlà àti ìwé kékeré kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kó wọ̀n ọ́n, kó kọ ọ́, kó da omi nù.

Láti ìgbà náà, òjò kan kì í rọ̀ ní Ifẹ̀tẹ̀dó kí fóònù mi má dún. “Dókítà, 18. Ìjì ló ṣáájú rẹ̀.” “Dókítà, 4 péré. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ilẹ̀ ti ń gbẹ.” Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé tèmi náà.

Láàárọ̀ àná, orúkọ Bàbá ló hàn lójú fóònù, àmọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ni mo gbọ́.

“Ẹ káàárọ̀, Mà. Èmi ọmọ wọn ni, mo ti dé láti Èkó. Bàbá ní kí n sọ fún yín pé 31 ni tòní. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n.”